Má Pè É, Rán An

Oṣù Ọ̀wàrà ni, ní Wareham, ìrì dídì ti ń yọ́ wọ àbàtà.
Kíránbẹ́rì kún àpótí, àpótí kún ilé ìkóre,
òkè ilé náà ni ọ́físì wa wà, ó ń rùn bí ọtí tó ti kan.
Kọ̀ǹpútà kan, àga méjì, ìkòkò kọfí tí ẹnìkan ò fọ̀ rí.
Ibẹ̀ ni Zulmira Lomba ti kọ́ mi ní Lísípì,
èdè tí àkámọ́ pọ̀ lára rẹ̀ bí ìpẹ́ lára ẹja.

Ó ní: "Kọ asẹ́ kan fún mi, kó máa ṣa èso tó le."
Mo kọ ọ́.
"Kọ òmíràn, kó máa ṣa èyí tó pọ́n."
Mo kọ ọ́.
"Òmíràn, fún èyí tó tóbi."
Nígbà tó fi di ìkẹrin, ọrùn ọwọ́ ti ń ro mí.
Asẹ́ kan náà ni mò ń hun, ihò rẹ̀ nìkan ló ń yí padà.
Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ń retí kó sú mi.

"Asẹ́ kò gbọdọ̀ mọ èso," ló wí.
"Tirẹ̀ ni kó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
kó bi ẹni tó mọ̀ ọ́n: ṣé ká gbà á, àbí ká jù ú nù?
Ìwọ ni wàá fi ẹni tó mọ̀ ọ́n lé e lọ́wọ́."

Mo kọ orúkọ onímọ̀ náà, ó-le,
mo fi àkámọ́ yí i ká, bí ẹni wọ ẹ̀wù òtútù fọ́mọ.
Ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní: èso dà, tí mo fẹ́ yẹ̀ wò?
Orrin Thacher, awakọ̀ katakata, tó gòkè wá mu kọfí,
wò mí lójú, ó ní, "Ta ló kú?"
Zulmira nàka sí àkámọ́ méjèèjì:
"O pè é. Mo ní kí o rán an ni.
Ẹni tí a pè nílé, ilé náà ni yóò ti dáhùn.
Bí wọ́n bá ń wá télọ̀ lókèèrè, rán télọ̀ lọ;
má ní kó jókòó tì ọ́, kó máa rán aṣọ tí kò sí.
Bọ́ àkámọ́ yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Jẹ́ kó dákẹ́ lọ.
Ibi tó ń lọ ni wọn yóò ti pè é."

Mo bọ́ ọ. Èso bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Lẹ́yìn náà ló fi ìlà kan hàn mí, èyí tó kọ fúnra rẹ̀.
Bibiano, bàbá rẹ̀, wọkọ̀ ojú omi wá láti erékùṣù Fogo,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wà nídìí pátákó.
Èso tó pé a fò kọjá pátákó;
èyí tó ti rà a wó síbẹ̀, bí ẹni tí ìròyìn burúkú bá.
Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú, etí ló fi ń ṣa wọ́n.
Ọdún tó lò kẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú pẹ́ńsù:
Báwo ni ìró rẹ̀? Ìka mélòó ni ó fi fò?
Bí ìrì bá ti dì mọ́ ọn ńkọ́?
Gbogbo rẹ̀ ló kó sínú lámídà kan,
ìṣe tí kò lórúkọ, ṣùgbọ́n tó gbé ibi tí a bí i sí dání:
gíga pátákó yẹn, òtútù ọdún yẹn,
ibikíbi tí a bá rán an, kò gbàgbé wọn.

"Asẹ́ yín yìí," Orrin ní, "kò mọ nǹkan kan nígbà náà?"
"Kò mọ nǹkan kan. Ìdí tí n kò fi ní kọ òmíràn mọ́ nìyẹn."

Mo bi í léèrè: kí ló dé tí kò sọ ìlà náà ní Bibiano?

Ó tẹ bọ́tìnnì.
"Bí mo bá fún un lórúkọ, wọn ó máa pè é."
Ó bu kọfí tútù. Nísàlẹ̀ wa,
lórí pákó, èso ń fò.